Bí Ẹ Ṣe Lè Ra Aṣọ Lọ́wọ́ Oníṣòwò Aláwọ̀ Dúdú Kí Owó Yín Sì Dé Ọwọ́ Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó wà ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà ló máa ń fọwọ́ sọ̀yà pé ọwọ́ àwọn èèyàn wa làwọn ti ń ra aṣọ. Tí ẹ bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù wọn, ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ yàtọ̀: ẹ̀wù kan tí wọ́n rà lóṣù kẹfà ọdún 2020, lẹ́yìn ikú George Floyd, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí ọlọ́pàá pa ní Amẹ́ríkà, nígbà tí gbogbo ayé ń pariwo pé ká ra ọjà aláwọ̀ dúdú, báàgì kan tí wọ́n rà torí pé òun ló lóde nígbà náà, ìyókù, ilé ìtajà ńlá tó ń ta ṣẹ́ẹ̀tì ní pọ́n-ùn márùn-ún ló ti wá. Wọn ò parọ́ o. Ó wù wọ́n lóòótọ́, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ni kò jẹ́ kó yọrí. Wọ́n ń rajà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí aláwọ̀ dúdú dá sílẹ̀ àmọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Wọ́n ń dúró de ẹ̀dínwó. Ọjà pẹ́ díẹ̀, inú bí wọn. Àrà míì jáde, wọ́n gbàgbé.

Ohun tó máa ń dá ilé-iṣẹ́ aṣọ kékeré dúbúlẹ̀ ni pé kí èrò ya wọlé lóṣù kan, kí wọ́n sì pòórá lóṣù mọ́kànlá tó kù. Ẹni tó ni ín ti ra aṣọ jọ, ó ti gba òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́, ó ti háyà ibi tó máa kó ẹrù sí. Bí èrò bá lọ tán, gbèsè ló kù. Torí náà, gbogbo ohun tí mo fẹ́ tò sísàlẹ̀ yìí dá lórí nǹkan méjì: kí owó dé ọwọ́ ẹni tó yẹ kó dé, kí ẹ sì padà wá.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Téèpù ìwọn-aṣọ. Ìwé kékeré kan, tàbí ibi tí ẹ ń kọ nǹkan sí lórí fóònù, tí ìwọ̀n yín máa wà. Iye owó tí ẹ fẹ́ ná lórí aṣọ láàárín ọdún kan, kó jẹ́ iye tó dájú. Káàdì àwìn, èyí tí báǹkì máa ń kọ́kọ́ sanwó lórí rẹ̀ kí ẹ tó san án padà, tí ẹ bá ní in. Ímeèlì tí ẹ máa ń yẹ̀ wò déédéé. Àti sùúrù tó lè dúró de aṣọ fún oṣù kan tàbí méjì.

1. Ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ rà kí ẹ tó ṣí fóònù

Ẹ kó aṣọ yín síta, kí ẹ wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Bóyá ṣòkòtò iṣẹ́ ni, bóyá kóòtù òtútù. Ẹ kọ nǹkan méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀, kí ẹ sì pín owó ọdún yẹn sí i.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà: wọ́n máa ń jẹ́ kí Instagram yan ohun tí wọ́n máa rà. Ohun tó lóde lónìí, tí ẹ ò rí ibi wọ̀ ọ́ lọ, á di ohun tí ẹ wọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ò sì ní padà sọ́dọ̀ ẹni tó rán an, torí pé ojú inú yín á ti kà á mọ́ ìnákúnàá.

2. Ẹ wádìí ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ náà gan-an

Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀ jù, ẹ má fi ìkánjú ṣe é.

Pé aláwọ̀ dúdú ló dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ kò sọ pé òun ló ni ín lónìí. Ẹ wo Off-White, ilé-iṣẹ́ aṣọ ìgbàlódé kan. Virgil Abloh ló dá a sílẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2021, LVMH, ilé-iṣẹ́ ńlá ará Faransé, ra ìpín 60 nínú ọgọ́rùn-ún ilé-iṣẹ́ tó ni orúkọ náà. Abloh kú ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà. Lọ́dún 2024, LVMH tà á fún Bluestar Alliance ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ra aṣọ Off-White lónìí lè máa fi rántí ọkùnrin náà, kò burú, àmọ́ kó mọ ibi tí owó rẹ̀ ń lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni pé aláwọ̀ dúdú ló ń darí iṣẹ́ ọnà ní ilé-iṣẹ́ kan. Pharrell Williams ló ń darí aṣọ ọkùnrin ní Louis Vuitton, ilé-iṣẹ́ aṣọ àti báàgì olówó ńlá tó jẹ́ ti LVMH, láti ọdún 2023. Inú wa dùn sí i, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ni níbẹ̀. Lóṣù kẹwàá ọdún 2025, Hermès, ilé-iṣẹ́ olówó ńlá míì ní Faransé, kéde Grace Wales Bonner, ọmọ Lọ́ńdọ̀nù tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Jàmáíkà, pé òun ló máa darí aṣọ ọkùnrin wọn. Tí ẹ bá fẹ́ ti obìnrin yìí lẹ́yìn, Wales Bonner tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 2014 ni kí ẹ lọ wò, kì í ṣe Hermès.

Bí ẹ ṣe máa wádìí nìyí. Tó bá jẹ́ Ìlú Ọba, ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ náà, tàbí ojú ìwé òfin àti àdéhùn wọn. Orúkọ tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin wà níbẹ̀, ó sì lè yàtọ̀ sí orúkọ tó wà lára aṣọ. Ẹ mú orúkọ yẹn lọ sí ìkànnì Companies House, ọ́fíìsì ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ máa rí orúkọ àwọn olùdarí, ẹ sì máa rí abala kan tó sọ ẹni tó ní ìpín tó ju 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Níbẹ̀ ni òtítọ́ wà. Tí ẹ bá rí i pé ilé-iṣẹ́ míì ló ni ín, ẹ tẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ yẹn náà kí ẹ máa tọpa rẹ̀ lọ sókè.

Àwọn aránṣọ tó ń dá ṣiṣẹ́, tí wọn ò tíì sọ iṣẹ́ wọn di kọ́ńpìnnì, kò sí nínú ìwé yẹn. Ẹ kọ̀wé sí wọn. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń tọ́jú ìwé tirẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í sọ ẹni tó ni ìpín. Níbẹ̀, ẹ ka ohun tí ilé-iṣẹ́ náà kọ nípa ara rẹ̀, kí ẹ sì fi orúkọ rẹ̀ wá ìròyìn bóyá ẹnikẹ́ni ti rà á.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí: àwòrán ọmọge dúdú tó wọ aṣọ náà kì í ṣe ẹ̀rí. Àwọn ìkànnì kan wà tó ń fi àǹkárá àti irun dídì polówó ọjà tí wọ́n rà ní pọ́ọ́kú láti ilé-iṣẹ́ ńlá, tí kò sí orúkọ ènìyàn kankan níbẹ̀.

Ẹ yẹ ara yín wò: ṣé ẹ lè dárúkọ ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ yìí, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ ti rí i? Tí ẹ ò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ò tíì parí ìpele yìí.

3. Ẹ ra á lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é

Ẹ jẹ́ ká fi bùláòsì £80 ṣírò. Tí ilé ìtajà ńlá bá ń tà á ní £80, ó sábà máa ń jẹ́ pé nǹkan bí £40 ni wọ́n rà á lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Nínú £40 yẹn ni owó aṣọ wà, owó ẹni tó gé e, owó ẹni tó rán an, bọ́tìnì, owó ọkọ̀. Wọ́n sì lè má san án títí di ọgbọ̀n ọjọ́ tàbí ọgọ́ta lẹ́yìn tí ọjà bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Tí aṣọ náà ò bá tà tí wọ́n sì gbé e lọ sórí ẹ̀dínwó, àwọn ilé ìtajà kan máa ń ní kí ẹni tó ṣe é bá wọn ru nínú àdánù náà. Ẹ ra bùláòsì yẹn kan náà lórí ìkànnì aránṣọ fúnra rẹ̀: owó wọlé láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìwọ̀nba tí ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó káàdì bá yọ nìkan ló dín nínú rẹ̀.

Ìgbà kan wà tó dáa kí ẹ rà á nínú ilé ìtajà ńlá. Lọ́dún 2020, Aurora James, obìnrin tó dá ilé-iṣẹ́ bàtà àti báàgì Brother Vellies sílẹ̀, dá Fifteen Percent Pledge sílẹ̀. Ó ní kí àwọn ilé ìtajà fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún àyè ọjà wọn fún ọjà àwọn aláwọ̀ dúdú. Sephora, ilé ìtajà ohun ìṣaralóge, ló kọ́kọ́ gbà. Àyè tí wọ́n bá fún wọn, iye tó bá tà níbẹ̀ ló máa pinnu bóyá wọ́n máa tún béèrè fún òmíràn. Torí náà, tí ẹ bá máa rà á níbẹ̀, ẹ rà á ní iye rẹ̀ gan-an láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó bá kọ́kọ́ dé. Tí ẹ bá dúró di ìgbà ẹ̀dínwó, ohun tí ìwé ọjà wọn máa kà ni pé aṣọ náà kò tà.

Ọ̀rọ̀ ìnájà ńkọ́? Mo mọ̀ pé ó wà lẹ́nu wa: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dín in kù, ọmọ ìyá ni wá." A kì í sọ ọ́ níwájú akápò ilé ìtajà òyìnbó. Ó dùn mí pé ọ̀dọ̀ ẹni tí èrè rẹ̀ kéré jù la ti máa ń sọ ọ́. Tí owó ò bá tó, ẹ fi orúkọ sílẹ̀ fún ímeèlì wọn, ẹ dúró de ọjọ́ tí àwọn fúnra wọn bá yàn láti dín owó, tàbí kí ẹ ra nǹkan tó kéré.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: orúkọ ta ló wà lórí rìsíìtì? Ó yẹ kó bá èyí tí ẹ rí ní ìpele kejì mu.

4. Ẹ wọn ara yín, kí ẹ tó sanwó

Aṣọ tí wọ́n bá dá padà, owó ńlá ni fún ilé-iṣẹ́ kékeré. Ẹ mú aṣọ yín kan tó bá yín mu dáadáa, ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ẹ wọ̀n ọ́n láti abẹ́ apá kan dé èkejì, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ wọn ìbàdí rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì wọn gígùn rẹ̀ láìsọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ fi wé táàbù ìwọ̀n tó wà lórí ìkànnì wọn. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà 12 tàbí 14 tó wà nínú aṣọ yín àtijọ́, torí ìwọ̀n ilé-iṣẹ́ kan kì í ṣe ti èkejì.

Ọ̀pọ̀ wọn máa ń gba owó ṣáájú, wọ́n á wá rán aṣọ lẹ́yìn náà. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ tó dáa jù tí oníbàárà lè ṣe nìyẹn, torí owó yín ni wọ́n máa fi ra aṣọ tí wọ́n fẹ́ rán. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ọdún 2020, Telfar, ilé-iṣẹ́ Telfar Clemens, ọmọ Làìbéríà ní New York, ṣí ìkànnì rẹ̀ fún ọjọ́ kan péré: ẹnikẹ́ni lè ra iye báàgì tó bá fẹ́, kó sanwó, kó sì gbà á láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kìn-ín-ní. Ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn tó ń rajà láti tún un tà ló máa ń gbé e lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó fẹ́ rí i rà. Ilé-iṣẹ́ náà sì ṣe kìkì iye tí wọ́n ti san owó rẹ̀.

Àmọ́ bí èèyàn bá ń sunkún, á máa ríran. Kí ẹ tó san owó ṣáájú, ẹ wá ọjọ́ tí wọ́n ní aṣọ máa kúrò lọ́dọ̀ wọn, àti ohun tí wọ́n sọ nípa owó dídá padà. Ní Amẹ́ríkà, òfin ní kí ẹni tó ń ta ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fi ránṣẹ́ ní àkókò tó dá, tàbí láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tí kò bá dá àkókò. Tí kò bá lè ṣe é, ó gbọ́dọ̀ sọ fún yín, kó sì jẹ́ kí ẹ yàn láti gba owó yín padà. Ní Ìlú Ọba, ẹ ní ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí ọjà bá dé láti sọ pé ẹ ò fẹ́ ẹ mọ́. Òfin yẹn kò kan aṣọ tí wọ́n rán sí ìwọ̀n ara yín, torí náà ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa. Ní Ìlú Ọba náà, tí ohun tí ẹ rà bá ju £100 lọ tí ẹ sì fi káàdì àwìn san án, ilé-iṣẹ́ káàdì náà máa jíhìn bí ọjà ò bá dé. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ tààrà sí àkáǹtì ara òun, tí kò sì ní ìkànnì tàbí rìsíìtì, ẹ sọ fún un pé ẹ máa rà á nígbà tó bá ti ṣètò rẹ̀.

Tó bá jẹ́ Èkó ni aṣọ ti ń bọ̀, ẹ béèrè owó ibodè. Amẹ́ríkà ti fòpin sí àǹfààní tó jẹ́ kí ẹrù tí kò ju $800 lọ wọlé láìsan owó ibodè. Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2025 ló ti kan gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní Ìlú Ọba, ẹrù tó bá ju £135 lọ lè ní owó ibodè lórí. Àwọn kan máa ń kọ̀ láti san án lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní kí wọ́n gbé e padà. Aránṣọ tó wà ní Èkó ló máa ru owó àlọ, tó sì tún lè ru owó àbọ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: nínú ímeèlì yín, ó yẹ kí nọ́ńbà ọjà, ọjọ́ tó máa kúrò, àdéhùn owó dídá padà àti ẹni tó máa san owó ibodè wà.

5. Bí aṣọ bá dé

Ẹ wọ̀ ọ́ wò lọ́jọ́ náà, láìfín nǹkan olóòórùn sára. Lẹ́yìn náà, ẹ yí inú rẹ̀ síta. Ẹ wo etí aṣọ nínú: ṣé wọ́n wé e kó má bàa tú? Ẹ fa ojú rírán ní ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Kò yẹ kí ihò abẹ́rẹ́ là. Ẹ wo ìṣẹ́tí bóyá ó tó láti tú sílẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Tó bá jẹ́ aṣọ òkè, irú èyí tí Kenneth Ize, ayàwòrán aṣọ ọmọ Nàìjíríà, fi dé ìpele àṣekágbá ìdíje tí LVMH ń ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán aṣọ lọ́dún 2019, ẹ máa rí ojú ìsopọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ káàkiri ara rẹ̀. Kì í ṣe àlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń hun ún nìyẹn, ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń so pọ̀. Àdìrẹ ẹlẹ́lùú máa ń yọ aró nígbà àkọ́kọ́. Ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ nínú omi tútù. Mo ti rí i tí àwọn èèyàn fi nǹkan méjì yìí ba oníṣòwò lórúkọ jẹ́, bẹ́ẹ̀ ọjà náà ò ní àbùkù.

Tí àbùkù bá wà lóòótọ́, ẹ ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ kọ̀wé sí wọn ní ìkọ̀kọ̀ ná, kí ẹ fún wọn lọ́jọ́ díẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín kò sọnù: ní Ìlú Ọba, ẹ lè gba gbogbo owó yín padà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ lórí ọjà tó ní àbùkù. Tí ó bá sì dáa, ẹ kọ ọ́ sórí ìkànnì wọn: bí ẹ ṣe ga tó, ìwọ̀n tí ẹ rà, bó ṣe rí lára yín. Ẹni tó kàn ń wò, tí kò mọ̀ bóyá ó máa bá òun mu, ọ̀rọ̀ yín yẹn ló máa mú un sanwó.

6. Ẹ má ra ẹ̀dà rẹ̀

Elexiay jẹ́ ilé-iṣẹ́ obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tí àwọn obìnrin ń fi ọwọ́ hun aṣọ rẹ̀ ní Nàìjíríà. Aṣọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Amelia, $330 ni wọ́n ń tà á. Lọ́dún 2021, irú rẹ̀ jáde lórí Shein, ìkànnì tó ń ta aṣọ ní pọ́ọ́kú, ní $17. Ìgbà tí ariwo pọ̀ ni wọ́n tó yọ ọ́ kúrò. Lọ́dún yẹn kan náà, báàgì kan jáde lórúkọ Guess, ilé-iṣẹ́ aṣọ ńlá ní Amẹ́ríkà, tó jọ ti Telfar bí ìbejì, òun náà kúrò lọ́jà nígbà tí àwọn èèyàn fi ẹjọ́ sùn káàkiri.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ariwo oníbàárà ló ṣe é. Òfin Amẹ́ríkà kì í sábà dáàbò bo bí wọ́n ṣe gé aṣọ; àwòrán tó wà lára aṣọ ló ń dáàbò bò jù. Aránṣọ kékeré kò sì lówó ẹjọ́ ọdún mẹ́ta.

Tí ẹ bá rí ẹ̀dà, ẹ fi àwòrán rẹ̀ àti ibi tó wà ránṣẹ́ sí ẹni tó ni iṣẹ́ náà ní ìkọ̀kọ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ẹ gbé ìlujá (línkì) ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀dà náà síta fún gbogbo èèyàn. Ẹ ti bá wọn polówó nìyẹn. Ìlujá ti ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é ni kí ẹ gbé síta.

7. Ẹ padà wá nígbà tí ariwo bá rọlẹ̀

Oṣù kejì ní Amẹ́ríkà àti oṣù kẹwàá ní Ìlú Ọba ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú, ìgbà yẹn ni ọjà ń ya wọlé. Oṣù kẹta àti oṣù kẹjọ ni kí ẹ fi ìránnilétí sí lórí fóònù yín. Ní Ìlú Ọba, Black Pound Day, ọjọ́ tí wọ́n ní kí àwọn èèyàn rajà lọ́wọ́ oníṣòwò aláwọ̀ dúdú, tí Swiss, olórin So Solid Crew, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 2020, ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ lóṣù ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ lè so tiyín mọ́ ọn. Bọ́tìnì já? Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń tún un ṣe, kí ẹ sanwó rẹ̀.

Ibi tí ọwọ́ àwa Yorùbá ti tó jù ni aṣọ ẹbí. Ìgbéyàwó kan ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston ní Amẹ́ríkà lè kó ogójì èèyàn jọ. A máa ń ra aṣọ, ká pín in, kí kálukú lọ wá télọ̀ tirẹ̀. Ẹ gbé rírán rẹ̀ fún aránṣọ kan ṣoṣo tí ẹ ti yẹ̀ wò. Iṣẹ́ tó lè gbé e fún oṣù púpọ̀ nìyẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́rin ṣáájú. Kó kọ́kọ́ rán ẹyọ kan kí olóde wò ó. Ẹnì kan ni kó máa gba owó, ẹlòmíì ni kó máa gba ìwọ̀n. Ẹ san ìdajì ṣáájú, kó lè ra òwú, ìtẹ́nú àti sípù, kí ìyókù wá lọ́jọ́ tí aṣọ bá dé. Ẹ dá ọjọ́ tí ìwé ìwọ̀n máa pa dé, kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀: àǹtí tó bá dé lẹ́yìn tí wọ́n ti gé aṣọ, ẹ bá a ra gèlè tó bá a mu.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gé ohunkóhun: olóde ti wọ ẹyọ àkọ́kọ́, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ìdajì owó ti wọ àkáǹtì ilé-iṣẹ́ náà, rìsíìtì sì wà, orúkọ àti ìwọ̀n gbogbo èèyàn pé nínú ìwé kan, tí aránṣọ àti ẹni tó gba ìwọ̀n jọ kà, tí wọ́n sì jọ fọwọ́ sí.